Orúkọ Tí Àbẹ̀bí Kò Pè

Ọkùnrin tó jókòó sídìí fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìsìnkú bi mí pé kí ni orúkọ olóògbé, mo ní, “Màmá.” Ó wò mí. Ó tún bi mí ní Lárúbáwá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mo sì ní, “Màmá Kákíyà.” Àárẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo wakọ̀ láti Jẹ́dà wá sí Mẹ́kà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò jẹ, mi ò mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ nìkan. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti jẹ́ ọmọ ọmọ wọn, mi ò sì fi ẹnu mi pè wọ́n lórúkọ rí lọ́jọ́ kan. Ta ló bí mi tí màá pe Màmá lórúkọ? Mo yọ ìkámà wọn, káàdì ìgbélùú tí ìjọba ibí ń fún àlejò, mo tì í gba abẹ́ gíláàsì. Ọkùnrin náà kà á sókè: “Sàfíyà Sọ́jà.” Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a fi sin ìyá tó bí ìyá mi nìyẹn, kì í sì í ṣe orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Sọ́jà yẹn, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ Màmá. Nígbà tí Màmá ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí àwọn àti ọkọ wọn fẹ́ wá sí Mẹ́kà, akọ̀wé tó ń ṣe ìwé ìrìnnà bi wọ́n pé, “Kí ni bàbá ẹ ń jẹ́?” Màmá ní, “Sọ́jà ni bàbá mi.” Akọ̀wé kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Tọkọtaya dé Mẹ́kà, wọn ò padà sílé mọ́, Sọ́jà sì bá wọn jókòó. Ó wọ inú ìkámà, ó wọ káàdì ilé ìwòsàn, ó wọ ìwé ilé tí wọ́n háyà ní Kákíyà, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Àwọn Lárúbáwá àdúgbò rò pé orúkọ ìdílé ńlá kan ni lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ tèmi ní Jẹ́dà, orúkọ ni mo ń tún ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ń kó òṣìṣẹ́ wọlé láti ìlú oríṣiríṣi, orúkọ inú ìwé ìrìnnà wọn kì í sì í bá ti inú ìkámà mu. Èmi ni mo máa ń gbé e láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn títí á fi bára mu. Mo ti bá Adéwálé tó di Adíwálì tún un ṣe. Mo ti bá obìnrin tí wọ́n kọ ní ọkùnrin tún un ṣe. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni mo ní kí Màmá jẹ́ kí n bá wọn yọ Sọ́jà kúrò. Wọ́n ń ṣẹ́tí ìbòrí lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, torí ìbòrí ni wọ́n ń rán fún àwọn oníhajì. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “O máa yọ ọ́. Kí lo máa wá fi síbẹ̀?”

Torí Màmá ò mọ orúkọ bàbá wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá ò tíì mọ ìrìn rìn nígbà tí wọ́n kó bàbá wọn láti Ìṣẹ́yìn lọ sí ogun Hítílà. Ìròyìn ní ó ti sọdá òkun lọ sí Bọ́mà, lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìròyìn mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kú, ilé wọn wó, àwọn tó kù fọ́n ká. (Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ “ó” fún un. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó lọ, mo ti dàgbà jù ú lọ tipẹ́.) Ìyá Màmá, tí oríkì wọn ń jẹ́ Àbẹ̀bí, jẹ́ ìyàwó ilé tó mọ ẹ̀yẹ, ìyàwó ilé tó mọ ẹ̀yẹ kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Bàbá Sẹ̀fí (Sẹ̀fí ni wọ́n ń pe Sàfíyà nílé) ni Ìyá Àbẹ̀bí ń pe ọkọ wọn kó tó lọ, Bàbá Sẹ̀fí ni títí tí àwọn náà fi kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kì í ní Àjàní. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Sọ́jà. Màmá ní ọjọ́ kan wà tí àwọn bi ìyá àwọn pé kí ni Bàbá ń jẹ́ gan-an, ìyá wọn sì yí ojú sápá kan. Ìyá ní, “Tó bá dé, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ.”

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, Màmá á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, wọn á fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọn ò mọ̀wé òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sílé kéú dáadáa, wọ́n sì mọ ànjẹmí kọ, ìyẹn kí èèyàn máa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Orúkọ òkú ló wà nínú ìwé náà, ìlà kan fún ẹnì kan. Ìyá wọn, ọkọ wọn, ìyá mi tí í ṣe ọmọ wọn, ìyàwó ará Súdàánì tí wọ́n jọ pín ògiri fún ọdún mọ́kànlá. Wọn á kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, wọn á bọ́ sórí èyí tó kàn. Ìlà àkọ́kọ́ ṣófo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé wọ́n gbàgbé ni, mo fi bírò ya ọkọ̀ síbẹ̀. Ìgbájú tí mo gbà lọ́jọ́ náà, mo rántí rẹ̀ títí di òní. Màmá fa ojú ìwé náà ya, wọ́n tún gbogbo orúkọ kọ sórí òmíràn, wọ́n tún fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó ni ibẹ̀ kò tíì dé.”

Agídí ni Màmá. Mi ò ní torí pé wọ́n ti lọ kí n wá máa fi oyin sí i. Wọ́n gbọ́ Lárúbáwá ju gbogbo wa lọ; tí wọ́n bá wọ bàkálà, ìsọ̀ àdúgbò wọn, lọ ra ìyẹ̀fun, ẹ ó rò pé Mẹ́kà ni wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n tí ọmọ mi Sumáyà, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, tó sì ti pé ọmọ ọdún méjìlá, bá fi Lárúbáwá dá wọn lóhùn, wọ́n á di adití. Sumáyà á tún un sọ, wọ́n á máa wo ògiri. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá Yorùbá kiri inú orí rẹ̀, á kó o jáde ní ègé-ègé, Màmá á sì dúró dè é bí ọ̀sán tilẹ̀ fẹ́ tán. Ìyàwó mi ní ó ti pọ̀ jù fún ọmọ. Màmá gbọ́. Wọ́n ní fún Sumáyà pé, “Èdè tí mo fi bí ìyá bàbá ẹ ni kó o fi bá mi sọ̀rọ̀.”

Ìjà tó le jù lọ tí wọ́n jà lójú mi ni ti Álífà Lúkúmánù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ilẹ̀ wa, ó ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì ní Mẹ́kà, Sáhírì ló ń gbé, ilé Màmá ló sì ti ń jẹun bí ebi bá pa á. Lọ́jọ́ kan ó rí ìlà tó ṣófo nínú ìwé, ó bèèrè, a ṣàlàyé fún un. Màmá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá àwọn tó gbà kí àwọn bá ọkọ wá sí Mẹ́kà, ó mú àwọn búra: àwọn ò ní kírun òkú sí bàbá àwọn lára, àwọn ò ní ṣe iṣẹ́ òkú kankan fún un, àfi tí ìròyìn tó dájú bá dé. Màmá ti ṣe úmúrà, ìyẹn hajì kékeré, fún gbogbo òkú tó wà nínú ìwé náà. Bàbá wọn nìkan ni wọn ò ṣe é fún, wọ́n sì ń gbé níbi tí wọ́n ti lè wọkọ̀ lọ sí Káábà lójoojúmọ́. Àánú ṣe Álífà. Ó ní, “Màmá, ẹni tó ti lọ sógun láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, òfin ò ní kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀. Ó ti kú. Ẹ ṣe é fún un.” Màmá na ọwọ́, wọ́n gbé àwo ìrẹsì kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo pa á ni?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Álífà ò fi yọjú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún un ní Sáhírì, kí n má sọ pé àwọn ló ní kí n gbé e wá.

Bí mo ṣe kó ara mi sínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé orúkọ àwọn tó kú nínú iṣẹ́ ológun nígbà ogun yẹn wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni lè wò, títí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ọjọ́ tí mo padà láti Sáhírì ni mo sọ ọ́ fún Màmá. Mo ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. Màmá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n fi ojú sórí fóònù tí wọn ò lè kà. Wọ́n ní, “Tẹ̀ ẹ́.”

Mo tẹ Àjàní. Àjàní pọ̀. Èyí tó tó ọjọ́ orí ò ti Ìṣẹ́yìn wá, èyí tó jọ pé ó ti ọ̀nà ibẹ̀ wá kú nílé ìwòsàn nílé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo tẹ Sàlámì, mo tẹ Rájí, mo tẹ Láwàní, gbogbo orúkọ tí ọmọ Mùsùlùmí ayé ìgbà náà lè jẹ́, mò ń fi Àjàní sí i lẹ́yìn bí orúkọ ìdílé. Nígbà míì mo máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán, nígbà míì nínú ilé mi ní Rúwáìsì ní Jẹ́dà, ojú á máa ta mí. Kò sí nǹkan tó ń kó àárẹ̀ báni bíi kéèyàn máa ka orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó kú, lẹ́tà sí lẹ́tà, kó máa wá ẹyọ kan tí kò mọ̀. Tí mo bá sì dé Kákíyà, Màmá ò ní bèèrè àlàáfíà mi, wọn ò ní bèèrè ìyàwó, wọn ò ní bèèrè ọmọ. Oríkì mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. “Àkànmú. Ṣé ìwé yẹn ti sọ̀rọ̀?”

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí, torí mi ò lè jẹ́wọ́ ẹ̀ fún wọn mọ́. Ọdún méjì wà tí mi ò wá nǹkankan. Ó sú mi. Tí Màmá bá bèèrè, mo máa ń ní mò ń wá a, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo ní àwọn tó ni ìwé náà ń tún un tò. Irọ́ ni. Màmá á mi orí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fún mi lágbára. Àdúà tí wọ́n ṣe lé irọ́ mi lórí ò kéré, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìtàn kan wà tí Màmá fẹ́ràn láti máa sọ tí inú wọn bá dùn. Wọ́n ní ní Ìṣẹ́yìn, nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ahunṣọ kan wà lódìkejì ilé tí ìyá wọn kó lọ lẹ́yìn tí bàbá wọn lọ. Ó ń hun òfì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń já òwú aláràbarà fún Màmá kí wọ́n fi dirí fún ọmọláńgidi. Bàbá Kọkọmi ni Màmá ń pè é. Mo bi wọ́n nígbà kan pé irú orúkọ wo ni Kọkọmi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, bí ìyá àwọn ṣe máa ń kí i láti ojú fèrèsé láràárọ̀ nìyẹn, àwọn náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Màmá á wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá àwọn kì í wo ojú ọkùnrin kankan ládùúgbò, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kì í kí Bàbá Kọkọmi. “Ohùn ìyá mi máa ń dùn tó bá ń pe ọkùnrin yẹn. Mo rò pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni.”

Àìmọye ìgbà ni mo gbọ́ ìtàn yẹn. Mò ń mi orí sí i, mò ń wo aago.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n mú òṣìṣẹ́ tuntun kan lọ sí kílíníìkì ilé-iṣẹ́ wa fún àyẹ̀wò. Yorùbá ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Sísítà Fúnkẹ́. Kristẹni ni, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìsìn jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀ ara wọn, gbogbo wa mọ̀, a kì í sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ wà nílé ní Abẹ́òkúta, ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá. Ó gba ìwé òṣìṣẹ́ náà, ó wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Sám... Orúkọ ọkọ mi! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é. Ẹ̀yin Orúkọ-ọkọ-mi, ẹ na apá kí n gún yín lábẹ́rẹ́.” Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní eré lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyá àgbà òun kì í fi í ṣeré. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ wọn tí wọ́n máa pè lórúkọ láyé, Orúkọ-ọkọ-mi ni wọ́n máa ń pè é. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé: Orúkọkọmi, Orúkọkọmi.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Fúnkẹ́ ní, “Ọ̀gá Táófíìkì, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí. Mo tún ọ̀rọ̀ náà pè lábẹ́lẹ̀: Orúkọkọmi, Kọkọmi.

Ìyá Àbẹ̀bí ò fẹ́ fẹ́ ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á pè, kí wọ́n lè sún mọ́ orúkọ tí ẹnu wọn ò gbọdọ̀ dá. Orúkọ tí Màmá ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́n, ahunṣọ òdìkejì ilé ló ń jẹ́ ẹ.

Mo pe Bùrọ̀dá Wàídì, ìbátan wa kan tó ṣì wà ní Ìṣẹ́yìn, mo ní kí wọ́n bá mi wá àwọn ọmọ ahunṣọ náà. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n pè mí padà, wọ́n ní àwọn ti rí ọmọ rẹ̀ kan, arúgbó ni òun náà ti dà, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnì kan wà ní Sáúdì tó ń bèèrè bàbá òun. “Búráímọ̀ ni bàbá náà ń jẹ́,” ni Bùrọ̀dá Wàídì wí. “Ṣé kò sí wàhálà?”

Mo padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ Búráímọ̀ pẹ̀lú Àjàní. Kò sí. Mo yọ Àjàní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo Búráímọ̀ tó wà níbẹ̀ pátá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní oríṣiríṣi. Búráímọ̀ Ìlọrin. Búráímọ̀ Ẹdẹ. Búráímọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dúró. Mo fi ọwọ́ gbá ara mi níwájú orí. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún torí orúkọ! Òyìnbó tó ń kọ orúkọ sọ́jà nígbà náà á bi ọmọkùnrin náà pé kí ló ń jẹ́, á gbọ́ orúkọ kan ṣoṣo, á ní, “Ìlú wo lo ti wá?” Ìlú tó bá dárúkọ ni wọ́n fi ń ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n ṣe fún bàbá gẹ́lẹ́ bí akọ̀wé ṣe wá ṣe fún ọmọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá ìdílé Àjàní, bàbá Màmá wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìṣẹ́yìn.

Búráímọ̀ Ìṣẹ́yìn, sọ́jà. Ó kú ní Bọ́mà. Kò ní sàréè, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri kan níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí wọn ò rí òkú wọn. Lẹ́yìn èyí, gbólóhùn kan tó kúrú: ọkọ Àbẹ̀bí, ará Ìṣẹ́yìn.

Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀, mo wakọ̀ lọ sí Kákíyà, mo dé lẹ́yìn Àsárì, Màmá sì ti mú ìwé wọn jáde. Wọ́n wo ojú mi, wọn ò bèèrè ìbéèrè wọn. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Kọkọmi, mo ní kí wọ́n pè é díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pè é. Wọ́n tún un pè. Mo rí i tó yé wọn. Ẹnu wọn ò tíì pa dé. Mo wá ka èyí tó wà nínú fóònù fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, nígbà tí mo sì dé ibi ìyàwó lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ìyàwó ò pe ọkọ lórúkọ rárá. Ọkọ dé iwájú àwọn tó ń kó o lọ síbi ikú, wọ́n bi í léèrè ìyàwó, kò sọ Ìyá Sẹ̀fí, kò sọ orúkọ ilé kéú. Oríkì tó fi ń kì í nínú yàrá ló sọ. Màmá sunkún. Mi ò rí ẹkún wọn rí, kódà nígbà tí ìyá mi kú. Wọ́n ní, “Ó pe ìyá mi ní Àbẹ̀bí níwájú òyìnbó.”

Nígbà tó ṣe, wọ́n bi mí nípa ògiri náà. Mo ní orúkọ pọ̀ níbẹ̀, mo ní ibẹ̀ mọ́, mo ti rí àwòrán rẹ̀. Màmá nu imú wọn. “Ta ló ń kà á níbẹ̀?”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ní kí n wá gbé àwọn lọ ṣe úmúrà fún un. Ẹsẹ̀ wọn ti wú nígbà náà, èémí wọn kúrú. Mo ní kí a dúró kí ara wọn yá. Wọ́n ní ìdúró náà ti tó. A lọ sí mọ́sáláṣí tó wà ní Tánímù láti dá àníyàn. Mo gbọ́ tí Màmá dá a sókè pé úmúrà yìí, ti Búráímọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe dárúkọ náà tán, wọ́n sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n wò mí bí ọmọ tó ṣẹ̀. “Àkànmú! Mo pe bàbá mi lórúkọ.”

Wọ́n kọ kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn yí Káábà po, èmi ń fi apá ti àwọn èrò kúrò lára wọn. Nínú ìrìn ẹ̀ẹ̀meje láàárín Sàfá àti Màríwà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ kí orúnkún wọn tó yẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò bínú, wọn ò ráhùn. Mo lọ mú kẹ̀kẹ́ wá, mo gbé wọn sí i, mo tì wọ́n parí mẹ́rin tó kù. Lágbedeméjì ọ̀nà mo gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ba kí n lè gbọ́. Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. “Ó ti ń rẹ̀ mí láti kékeré, Àkànmú. Òní ni mo mọ ohun tó ń rẹ̀ mí.”

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Màmá lọ, lórí ẹní ìkírun, lọ́wọ́ ọ̀sán. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbìyànjú láti tún orúkọ tó wà lórí ìwé náà ṣe. Ọ́fíìsì mẹ́ta ni mo lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ dáadáa jù lọ níbẹ̀ ní òun mọ̀ mí, òun mọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kú, a ti pa fáìlì rẹ̀ dé. Mo dúpẹ́. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀. Gbogbo ayé ni mo ti bá tún orúkọ ṣe, mi ò rí ti Màmá ṣe.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a wà ní Kákíyà, à ń kó ẹrù Màmá jọ. Sumáyà rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ojú mi ò fẹ́ rí i, mo ní kó gbé e sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Ó mọ lẹ́tà Lárúbáwá dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn ń lọ síbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Ìlà àkọ́kọ́ ti kún: Búráímọ̀, ọkọ Àbẹ̀bí. Ó ń kà á lọ sísàlẹ̀, ìyá mi, ìyàwó ará Súdàánì, títí ó fi kan ìlà tó kẹ́yìn, tí yíǹkì rẹ̀ ṣì dúdú. “Sẹ̀fí, ọmọ Búráímọ̀. Ẹ pè mí.”

Sumáyà gbójú sókè. Ó fi Lárúbáwá bi mí pé, “Bàbá, ta ni Sẹ̀fí?”

“Màmá ni.”

“Màmá lórúkọ?”

Ọdún méjìlá ló fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lórúkọ. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó ronú, ó sì ṣa Yorùbá rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Wọ́n ní kẹ́ ẹ pè wọ́n.”

Ẹnu mi wúwo. Ó ṣe mí bíi pé Màmá máa dìde láti ibi ẹ̀rọ ìránṣọ wá gbá mi létí.

“Sẹ̀fí,” mo ní. “Sẹ̀fí, ọmọ Búráímọ̀. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.”

Sumáyà ní, “Àmín.”